Fọ́tò Màmá wa ń ṣe bàìbàì lórí ìwé: ẹ gbà mí, ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa máa pé ẹni 80 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, gbọ̀ngàn kan ní Yàbá la ti fẹ́ ṣe é. Torí wọ́n ní èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà nílé wa, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìwé ìrántí lé lọ́wọ́. Ìwé olójú-ewé 24 ni, A5, fọ́tò Màmá tí wọ́n yà ní 1971 ló máa gba gbogbo iwájú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbé fọ́tò náà sórí Facebook nígbà kan, ibẹ̀ ni mo ti gbà á sílẹ̀. Lórí fónù mi, ó mọ́ rekete.

Mo gbé e lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àǹtí, eléyìí ò lè ṣiṣẹ́, 72 ni. Ẹ lọ sọ ọ́ di 300 wá." Mo délé, àbúrò ọkọ mi bá mi ṣí i, ó pa 72 rẹ́, ó kọ 300 síbẹ̀. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé e padà lọ, wọ́n tẹ ẹyọ kan fún mi wò. Ojú Màmá ṣe bàìbàì, àfi bí ẹni tí à ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì ilé ìwẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ, owó bébà lọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣebí 300 ni wọ́n ní kí n ṣe, mo sì ṣe 300?

Ọmọ Yàbá
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àbúrò ọkọ yín kò bà á jẹ́, kò sì tún un ṣe. Bébà ara ìgò ló pààrọ̀, òróró inú ìgò ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ fọ́tò náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ mú Properties, kí ẹ wo abẹ́ Details. Tó bá jẹ́ fónù ni, ẹ ṣí fọ́tò náà kí ẹ fi ìka fà á sókè. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí àmì × wà láàárín wọn. Kí ni wọ́n?

Àbígbẹ̀yìn Màmá
720 × 960.

Ọmọ Yàbá
Háà. Àǹtí, ẹ jókòó ná.

Bàbá Atẹ̀wé
Má dẹ́rù bà wọ́n, ìwọ ọmọ yìí. Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi fíìmù ṣe pléètì ni mo ti wọ iṣẹ́ yìí ní Ṣómólú, mo ti rí fọ́tò tó burú ju tiyín lọ.

Fọ́tò inú fónù kò ní ìǹṣì. Hóró ló ní. Hóró aláwọ̀ kéékèèké, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní píksẹ̀lì. Tiyín ní hóró 720 ní ìbú àti 960 ní òòró, ó parí. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbé e sórí bébà ni ọ̀rọ̀ ìǹṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: hóró mélòó la máa tò sínú ìǹṣì kan? Ìwé tí èèyàn máa gbé lọ́wọ́ kà, 300 la máa ń fẹ́. Ẹ wá fi 300 pín 720, ẹ ó rí 2.4. Ẹ fi pín 960, ẹ ó rí 3.2. Ibi tí agbára fọ́tò yín mọ nìyẹn, ìǹṣì méjì àti díẹ̀ sí ìǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀. Ó tóbi ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tì lọ, àmọ́ kékeré náà ni. A5 ní tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 148 sí 210, ìyẹn ìǹṣì 5.8 sí 8.3. Tí ẹ bá na hóró 960 láti orí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, hóró bíi 116 ló máa bọ́ sínú ìǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó ní kí ẹ "sọ ọ́ di 300" sọ òótọ́ tí kò pé. Kàkà kó béèrè hóró, nọ́ńbà kan ló bi yín. 300 láìsọ ìwọ̀n bébà, kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó
Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ta ló bu 300 yẹn lé e? Kí ló dé tí kì í ṣe 200, kí ló dé tí kì í ṣe 500?

Bàbá Atẹ̀wé
Ìbéèrè ọmọlúàbí. Ẹ yá gíláàsì tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù fi ń wo nǹkan, kí ẹ fi wo fọ́tò kan nínú ìwé ìròyìn. Ẹ máa rí i pé kò sí fọ́tò níbẹ̀ rárá, tó-tó-tó ni gbogbo rẹ̀. Maṣíìnì ìtẹ̀wé kò mọ bí a ṣe ń fi yíǹkì tó fẹ́lẹ́ sórí bébà. Ó lè fi yíǹkì sí i, ó sì lè máà fi sí i, kò sí agbedeméjì. Ibi tó yẹ kó dúdú, tó-tó ńláńlá ló máa fi síbẹ̀. Ibi tó yẹ kó mọ́, tó-tó bíńtín. Ojú wa ló ń pò wọ́n pọ̀.

Lórí bébà dídán tó dáa, ìlà tó-tó bíi 150 la máa ń kó sínú ìǹṣì kan. Kí tó-tó kọ̀ọ̀kan tó rí ohun tó jọjú mú, a máa ń fún un ní hóró méjì méjì. 150 lọ́nà méjì, 300 nìyẹn. Bébà ìwé ìròyìn máa ń mu yíǹkì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tó-tó rẹ̀ máa ń tàn, torí náà ìlà bíi 85 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Fọ́tò tí hóró rẹ̀ jẹ́ 170 nínú ìǹṣì kan ti tó o lò. Tí ẹ bá gbé 500 wá bá mi, mi ò ní lé yín, àmọ́ maṣíìnì mi kò ní fi ìyókù ṣe nǹkan kan. Fáìlì á kàn wúwo lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ojú èèyàn náà tún wà níbẹ̀. Ojú tó dá ṣáṣá, tó ń wo ìwé láti bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kò lè ya hóró tó bá fi díẹ̀ lé ní 290 nínú ìǹṣì kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Kò séwu tí ojú tèmi ò bá tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Olówó Dátà
Ohun tí wọ́n kọ́ àwa ni pé 72 fún íntánẹ́ẹ̀tì, 300 fún bébà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ̀rọ̀ rú mọ́ yín lójú.

Ọmọ Yàbá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú fo ìyẹn. 72 náà ti dàgbà ju èmi lọ. Kọ̀ǹpútà Macintosh tí Apple gbé jáde ní 1984 ló ní hóró 72 nínú ìǹṣì kan lójú rẹ̀, kí ìwọ̀n lẹ́tà orí rẹ̀ lè bá ti àwọn atẹ̀wé mu, torí pé ìdá 72 ni wọ́n pín ìǹṣì kan sí. Ojú fónù òní, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá 400. Fónù yín kì í wo 72 yẹn rárá kó tó fi fọ́tò hàn yín.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú fọ́tò kan tó jẹ́ 1080 × 1350. Ẹ fi 72 pamọ́ sínú ẹ̀dà kan, ẹ fi 300 pamọ́ sínú èkejì, ẹ má fọwọ́ kan hóró. Ẹ gbé méjèèjì sórí fónù. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ kankan, mo máa ra àgbàdo sísè fún yín ní Ojúẹlẹ́gba.

Àǹtí, nínú Photoshop, ojú ibi tí wọ́n ń pè ní Image Size, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Resample sí. Tí ẹ bá yọ àmì inú rẹ̀ kí ẹ tó yí 72 sí 300, hóró kò ní yí, ìǹṣì ló máa súnkì. Ìyẹn dáa, ó máa sọ òótọ́ bí fọ́tò ṣe tóbi tó fún yín. Tí ẹ bá fi àmì náà sílẹ̀, Photoshop á máa fi hóró kún un fúnra rẹ̀, ó kàn ń wo àwọn hóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín. Omi lẹ bù sí ọbẹ̀ yẹn o, ẹran ò pọ̀ sí i.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ó ti ń yé mi. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí fọ́tò yìí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní àwọn ohun èlò AI wà tó lè sọ ọ́ di ńlá, kó sì mọ́.

Ayafọ́tò Èbúté Mẹ́ta
Àǹtí, ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Oníbàárà mi kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, kékeré ni, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò yẹn fẹ̀ ẹ́. Áà, ó dán! Gbogbo irun àgbọ̀n ló jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi férémù sí i. Ìyàwó olóògbé wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?" Pélé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá, ó ti pa á rẹ́! Ó rò pé ìdọ̀tí ara fọ́tò ni. Eyín iwájú tó ní èjí, ó ti dí i pa. Mo dá owó padà.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun èlò yẹn kò mọ bàbá yẹn rí. Ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn ló ti rí, inú rẹ̀ ló ti ń mú ohun tó fi ń dí àlàfo. Tó bá jẹ́ fọ́tò ilé tàbí òdòdó, ẹ lò ó, kò sí wàhálà. Ojú ìyá yín ńkọ́? Èmi ò ní lò ó.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa ti béèrè láti àárọ̀ nìyí: bébà fọ́tò yẹn gan-an dà? Facebook kọ́ ló ya fọ́tò ní 1971. Ẹnì kan ní fọ́tò náà lọ́wọ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tó lè gbé e síbẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ó yẹ kó wà nínú álíbọ́ọ̀mù Màmá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Fọ́tò tí ó dúdú tó funfun ni, kò tóbi, ó tó àtẹ́lẹwọ́.

Ayafọ́tò Èbúté Mẹ́ta
Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. "Ó tó àtẹ́lẹwọ́" lè jẹ́ ìǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ sí márùn-ún. Tí ẹ bá síkáànì rẹ̀ ní 600, hóró 2100 × 3000 ló máa fún yín. A5 pẹ̀lú 300 kò fẹ́ ju 1748 × 2480 lọ. Ẹ̀kún rẹ́rẹ́, ẹ tún ní èlé lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Tí álíbọ́ọ̀mù yẹn bá jẹ́ irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù lórí páálí tí wọ́n ń fi rọ́bà bò, ẹ má fi èékánná já fọ́tò náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn láti bí 40 ọdún. Ẹ wá òwú tín-ín-rín tí èèyàn fi ń yọ ẹran láàárín eyín, ẹ fi sí abẹ́ igun fọ́tò, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi òwú gé ẹ̀kọ. Tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ ká rọ́bà yẹn kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ gbé gbogbo ojú ewé náà sórí maṣíìnì.

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nu gíláàsì síkáànà kí ẹ tó gbé e lé e. Ekuru tí ojú yín ò rí, ní 600, ó máa dà bí òkúta lórí iwájú orí Màmá. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, ẹ ní kí wọ́n síkáànì rẹ̀ ní aláwọ̀. Bébà àtijọ́ máa ń pọ́n, àwọ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́ àbàwọ́n àti èyí tó jẹ́ aṣọ. Ẹ lè yọ àwọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ẹ síkáànì ẹ̀yìn rẹ̀ náà, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ayafọ́tò máa ń wà lẹ́yìn, nígbà míì orúkọ àti ọjọ́ náà máa ń wà níbẹ̀.

Ọmọ Computer Village
Mo ń ṣiṣẹ́ síkáànì ní Ìkẹjà, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wa. Maṣíìnì wa máa ń wà ní 200 látàárọ̀ dalẹ́, torí ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbé wá, 200 sì yá. Tí ẹ bá kàn ní "ẹ bá mi síkáànì fọ́tò yìí", 200 lẹ máa gbà. Fọ́tò ìǹṣì 3.5 sí 5 ní 200, 700 × 1000 ni. Ẹ padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀ nìyẹn. Ẹ dúró tì wá, ẹ ní 600, ẹ ní kí a fi pamọ́ ní TIFF tàbí JPEG tó ga jù lọ, kí a má fi í sínú PDF.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, ọmọ ọ̀gá á ní, "Ẹ mú nọ́ńbà WhatsApp yín wá kí n fi ránṣẹ́." Ẹ kọ̀! Ẹ mú flash lọ.

Olówó Dátà
Kí ni WhatsApp ṣe báyìí?

Ọmọ Computer Village
Ó ń fún fọ́tò bí ẹni ń fún ẹ̀fọ́. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá: fọ́tò fónù mi jẹ́ 4000 × 3000, ó wúwo tó MB 4. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́nà tí gbogbo èèyàn ń gbà fi ránṣẹ́. 1600 × 1200 ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tó KB 400. Tí ẹ bá mú HD tó wà lókè, ó sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń fún un. Ọ̀nà tó pé ni kí ẹ tẹ àmì wáyà kékeré tí a fi ń kó bébà pọ̀, èyí tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ mú Document, kí ẹ wá yan fọ́tò náà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa dé, ẹyọ hóró kan ò ní sọnù. Íméèlì àti Google Drive náà dáa.

Ohun mìíràn tó máa ń bí mi nínú ni kí èèyàn ya ojú fónù tí fọ́tò wà lórí rẹ̀, kó gbé e wá fún títẹ̀, kí àmì bátìrì àti MTN ṣì wà lókè orí ìyàwó.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó
😂😂 Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí o. Fún ìwé ìgbéyàwó àkọ́bí mi.

Ìyá Oníbáńà Muṣin
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ báńà, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe 80 ọdún máa fẹ́ báńà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 300 dẹ́rù bà yín níbẹ̀. Báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, tí ẹ bá fẹ́ fi 300 ṣe é, hóró 28,800 × 14,400 nìyẹn. Kọ̀ǹpútà mi á dákẹ́ kí iná tó lọ gan-an.

Báńà, èèyàn kì í gbé e lọ́wọ́. Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń wò ó. Ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta, hóró 30 nínú ìǹṣì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú rẹ̀. Èmi máa ń gba 100 tí mo bá rí i, 50 náà kò burú, nítorí àwọn tó máa lọ fara tì í ya fọ́tò. Tí fọ́tò Màmá yín bá jẹ́ 2100 × 3000 bí bọ̀dá ṣe wí, tí ẹ sì gbé e dúró láti òkè báńà dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, hóró 62 ló bọ́ sínú ìǹṣì kan. Ó ti tó dáadáa. Ti Facebook yẹn, 20 ni yóò jẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa bi ara wọn bóyá Màmá ni àbí ẹlòmíràn.

Síkáànì kan ṣoṣo yẹn ló máa ṣe ìwé, ló máa ṣe báńà. Ẹ má síkáànì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ máa rí wa. Àwọn fọ́tò tuntun ńkọ́, èyí tí a fi fónù yà? Àti pé aṣọ ẹbí wa jẹ́ búlúù, èyí tó ń tàn yẹn. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di CMYK.

Ọmọ Yàbá
Ti fónù kò ní wàhálà. 4000 × 3000 ní 300 tó ìǹṣì 13.3 sí 10, ó ju A4 lọ. Tí ẹ bá ti fi ìka fẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó yà á, ẹ ti gé hóró dànù nìyẹn. Ẹ rìn sún mọ́ Màmá, ẹsẹ̀ yín ló dáa ju ìka lọ. Tí ẹ bá ń lo iPhone, fọ́tò rẹ̀ lè jẹ́ HEIC, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn atẹ̀wé kì í ṣí i. Ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ mú Most Compatible.

Ti búlúù, mo fi sílẹ̀ fún Bàbá.

Bàbá Atẹ̀wé
O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, o sá. Ó dáa.

Iná ni fónù fi ń ṣe àwọ̀. Pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ó ń tan iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. RGB nìyẹn. Bébà kò ní iná nínú, yíǹkì mẹ́rin ló ní: sáyàn, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. CMYK nìyẹn. Àwọn àwọ̀ kan wà tí iná lè ṣe tí yíǹkì mẹ́rin yìí kò lè ṣe láéláé, búlúù tó ń kọ mànà yẹn sì ni olórí wọn. Ó máa ń ṣú, nígbà míì ó máa ń yí sí àlùkò. Ọdọọdún ni mò ń bá àwọn ìyàwó ilé jà lórí rẹ̀. Wọ́n á gbé léèsì láti Balógun wá, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, wọ́n á ní mo ti ba aṣọ àwọn jẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ bi atẹ̀wé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan: ṣé DI lẹ máa lò, maṣíìnì tó ń tẹ̀wé tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, àbí pléètì, páànù tí a kọ́kọ́ ń gbé àwòrán sí? Ẹ̀dà 100 tàbí 150, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DI. Ọ̀pọ̀ maṣíìnì DI lè gba RGB, wọ́n á yí i fúnra wọn, ó tilẹ̀ máa ń dáa ju kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yí i lọ. Tó bá jẹ́ pléètì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, CMYK ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ maṣíìnì yẹn yí i. Lọ́nà méjèèjì, ẹ tọ́jú ẹ̀dà RGB yín, nítorí tí ẹ bá ti yí i sí CMYK, àwọ̀ tó ti kú kì í jí padà. Kí ẹ sì sanwó fún ẹyọ kan kí ẹ fi ojú rí i lórí bébà tí wọ́n máa lò gan-an. Ẹ má fi ojú fónù ṣe ìdájọ́ bébà.

Lórí iwájú ìwé, nítorí pé fọ́tò máa kan etí, ẹ fi mílímítà mẹ́ta kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀bẹ wa máa ń yẹ̀, bí ó ti wù kó mú tó. A5 yín á di 154 sí 216, ìyẹn hóró 1819 × 2551. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí ọ̀bẹ kàn, orí, ọwọ́, lẹ́tà, ẹ gbé e wọ inú. Ojú ewé 24 tí ẹ mú yẹn dáa, ó pín sí mẹ́rin mẹ́rin, torí bébà kan tí a ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló ń fún wa. Ẹnì kan gbé 22 wá lánàá, a ń wá ohun tí a máa kọ sójú ewé méjì tó ṣófo.

Olówó Dátà
Tó bá jẹ́ pé 72 kò já mọ́ nǹkan kan, hóró mélòó ni ká wá lò fún káàdì ìpè tí a máa fi ránṣẹ́?

Ọmọ Yàbá
Ẹ̀gbọ́n ti gbà! 1080 × 1350 tó fún ojú ewé Instagram àti fún àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp; 1080 × 1920 fún status. Kò sídìí tí káàdì ìpè fi máa wúwo ju KB 300 lọ. Àwọn ìyá àgbà náà ń ra dátà. Ẹ lo sRGB, irú RGB tí ọ̀pọ̀ fónù àti íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà rẹ̀ lórí fónù àwọn ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ló pọ̀ jù lórí káàdì náà, PNG máa ń jẹ́ kí etí lẹ́tà mú ju JPEG lọ. Squoosh, ohun èlò tí a fi ń dín ìwúwo fọ́tò kù, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí fọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹ ṣe ń dín in kù.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ kí ẹ rántí: fọ́tò tí fónù yà lè gbé àdírẹ́sì ibi tí ẹ ti yà á sínú. Tí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò yàrá Màmá sórí wẹ́ẹ̀bù ẹbí, ẹ yọ ọ́ kúrò ná. Èkó la wà.

Ayafọ́tò Èbúté Mẹ́ta
Ẹ̀dà la ń dín kù o, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ jẹ́ kí síkáànì àkọ́kọ́ yẹn dá wà nínú fódà tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí JPEG, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ tún fi pamọ́, ó máa ń ju díẹ̀ nù. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ máa rí àwọn àpótí kéékèèké yíká ojú.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti dé.

Mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Fọ́tò náà wà nínú álíbọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ tímọ́tímọ́, òwú eyín yẹn ṣiṣẹ́ bí idán. Mo gbé e lọ sí Ìkẹjà lánàá, mo dúró tì wọ́n, mo ní 600. Ọmọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé iléeṣẹ́ ìjọba ló rán mi. Ó sì béèrè nọ́ńbà WhatsApp mi lóòótọ́! Mo na flash sí i. 2100 × 3000 géérégé. Orúkọ ilé iṣẹ́ ayafọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan sì fi pẹ́ńsù kọ "Iléyá" síbẹ̀. A ò mọ̀ pé ọjọ́ Iléyá ni wọ́n yà á.

Wọ́n tẹ ẹyọ kan fún mi ní Ṣómólú lónìí. Èèyàn lè ka ihò ara léèsì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ nǹkan mìíràn ti jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé e sórí Facebook, ó ti gé e. Nínú bébà gan-an, ọwọ́ kan wà léjìká Màmá lápá òsì, ìka mẹ́rin àti òrùka. Màmá mú ẹyọ tí wọ́n tẹ̀ náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Fọ́tò ìyá ìyá wa kankan kò sí nílé wa. Ó ní tí a bá gé ọwọ́ náà, kí a má ṣe ìwé mọ́.

Bàbá, etí fọ́tò gan-an ni ọwọ́ náà wà. Mílímítà mẹ́ta yẹn, ṣé kò ní gé e?

Bàbá Atẹ̀wé
Tí ẹ bá gbé e kan etí, á gé e. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò náà kan etí mọ́. Ẹ fún un ní ààyè funfun yíká, bí àwọn ayafọ́tò ìgbà yẹn ṣe máa ń fi sílẹ̀, kí ọ̀bẹ máa gé funfun. Fọ́tò á kéré díẹ̀, hóró yín á sì pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Ẹ gbé fáìlì náà wá lọ́la kí oòrùn tó mú, mo máa tò ó fúnra mi.

Lórí flash o.